Ìkòkò mi tó ń bẹ́ nínú iná: ohun tó bá mi ṣe é

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìkòkò amọ̀ tí mo mọ bẹ́ mọ́ mi níbi tí mo ti ń sun ún nínú iná igi, níbí ní Ìbàdàn. Gbòlà! Kí n tó dé ibẹ̀, ìdí rẹ̀ ti ṣí. Mo sá òmíràn sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó sun ún, ó tún bẹ́. Mo dín igi kù, kò jinná. Omi kàn án, ó di ẹrẹ̀.

Àpáàdì ló gbà mí. Mo gún ìkòkò tó ti fọ́ (ẹ̀san!), mo jọ̀ ọ́, mo po abọ́ 1 mọ́ abọ́ amọ̀ 5. Ìbòòji ni ìkòkò tí mo fi mọ ti gbẹ. Lọ́jọ́ sísun, iná kékeré ni mo kọ́kọ́ dá fún wákàtí 3, kí omi inú amọ̀ rọra fà jáde, kí n tó ki igi ńlá bọ̀ ọ́. Nínú ìkòkò 8, ẹyọ kan ló sán. Amọ̀ tiyín lè yàtọ̀ o.