54 ni àbí 55? Bí ẹ ṣe máa ka orílẹ̀-èdè Áfíríkà tán láìfo ìkankan

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé asáímẹ́ǹtì wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ìbéèrè kan péré ló wà níbẹ̀: orílẹ̀-èdè mélòó ló wà ní Áfíríkà? Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní 53, mo wò ó lórí fóònù, Google ní 54, bàbá ẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ rédíò ní pálọ̀ wá pariwo látibẹ̀ pé 55 ni AU máa ń pè é, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ báyìí ni. Ọmọ wá ń wò mí lójú. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló nídìí, kò sí èyí tẹ́nì kan kàn jókòó hùmọ̀ nínú wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó jókòó ti ọmọ kó ṣàlàyé fún un. Bí mo ṣe wá ṣàlàyé fún un nìyí, ẹ lè lò ó fún tiyín náà.

Kẹ́ ẹ tó mú báírò rárá, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló ń kà. Orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó jẹ́ mẹ́ńbà UN, ìyẹn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, jẹ́ 54. Èyí tó jẹ́ mẹ́ńbà AU, àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà tí oríkò wọn wà ní Addis Ababa, jẹ́ 55. 53 inú ìwé ọmọ yẹn náà kì í ṣe irọ́ o, ó ti gbó ni, torí ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2011 ni Gúúsù Sudan yà kúrò lára Sudan tó sì gba òmìnira tiẹ̀, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 14 oṣù yẹn UN ti gbà á wọlé. Torí náà ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ní ọdún bíi mélòó kan ṣáájú ìgbà yẹn, 53 lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ máa ń ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ló máa parí síbẹ̀.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi A B C D kà á. Tẹ́ ẹ bá fi A B C D kà á, ẹ máa dé àárín ọ̀nà, ẹ ò ní rántí bóyá ẹ ti ka Gabon àbí ẹ ò tíì kà á, ẹ máa tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ pín ojú ìwé ẹ̀ksásáìsì sí márùn-ún bí AU ṣe pín in: Ìwọ̀-Oòrùn, Àríwá, Àárín, Ìlà-Oòrùn, Gúúsù. Kẹ́ ẹ wá máa rìn ín lórí máàpù bí ẹni ń rìnrìn àjò, kí ẹsẹ̀ yín má kúrò nílẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ ṣe é bí ẹni wọ mọ́tò ní Mile 2, Nàìjíríà lẹ wà yẹn, ọ̀kan, ẹ kọjá Sẹ̀mẹ̀ ẹ bọ́ sí Bẹ̀nẹ̀, ẹ gba Tógò, ẹ gba Gánà, ó di Abidjan ní Côte d'Ivoire, ọ̀nà tí àwọn ará Ẹjìgbò ti ń tọ̀ lọ ṣòwò láti ayébáyé nìyẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Àárún ti pé. Ẹ má sọ̀kalẹ̀, ẹ máa bá etí òkun lọ: Làìbéríà, Sierra Leone, Guinea tí olú-ìlú ẹ̀ ń jẹ́ Conakry, Guinea-Bissau, Sẹ̀nẹ̀gàl. Ó di mẹ́wàá. Ẹ dúró díẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gàl yẹn, torí Gambia wà nínú ẹ̀ bí àkàrà ṣe ń wà nínú búrẹ́dì, ilẹ̀ tín-ín-rín tó gba etí odò kan lọ ni, ẹni tó bá ń kánjú ló máa ń fò ó. Ẹ wá gbójú sókè wo inú òkun, Cape Verde ló wà lọ́hùn-ún yẹn, méjìlá. Ẹ yí padà, ẹ gba inú ilẹ̀ bọ̀: Màlì, Burkina Faso, Niger, láti Niger ẹ ti wọ Katsina nìyẹn, ẹ ti padà délé. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé. Èmi fẹ́ràn apá yìí jù torí ọmọ ò lè ṣìnà, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ náà ló máa parí sí.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé Màlì, Burkina Faso àti Niger ti kúrò ní ECOWAS, kẹ́ ẹ má kà wọ́n mọ́. Òótọ́ ni pé wọ́n kúrò, oṣù Kìíní ọdún 2025 ni, àmọ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n kúrò níbẹ̀, ilẹ̀ wọn ò kúrò níbi tó wà. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ṣì wà.

Àríwá rọrùn, etí òkun Mẹditaréníà lẹ máa tẹ̀ lé láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì: Íjíbítì, Líbíà, Tunisia, Algeria, Mòrókò. Tẹ́ ẹ bá ti dé Mòrókò ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà, lẹ́yìn ẹ̀ Mauritania. Méje. Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà yẹn, ẹ fi báírò pupa yí i po, a ṣì ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.

Àárín jẹ́ mẹ́sàn-án, ibẹ̀ gan-an ni orúkọ ti máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Kamẹrúùnù tó bá wa pààlà, Chad, orílẹ̀-èdè Central African Republic, Gabon. Lẹ́yìn náà ni Kóńgò, méjì ni Kóńgò o, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀kan: olú-ìlú ìkan ni Brazzaville, ti èkejì ni Kinshasa, odò Kóńgò ló wà láàárín wọn, àwọn ará Brazzaville ń rí Kinshasa ní òdìkejì omi. Ti Kinshasa ló ń jẹ́ Zaire tẹ́lẹ̀, 1997 ni wọ́n yí orúkọ yẹn padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Equatorial Guinea tí wọ́n ti ń sọ èdè Spain, wọn ò bá Guinea ti Conakry tan, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò bá ti Bissau tan, orúkọ lásán ni wọ́n fi jọra. Ó ku São Tomé àti Príncipe tó wà nínú omi, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni méjèèjì, àti Burundi.

Ìlà-Oòrùn ló pọ̀ tẹ̀ lé tiwa, mẹ́rìnlá. Mẹ́wàá wà lórí ilẹ̀: Sudan, Gúúsù Sudan, Eritrea, Djibouti, Etiópíà, Somalia, Kẹ́ńyà, Uganda, Rwanda, Tanzania. Mẹ́rin wà nínú òkun: Madagascar, Comoros, Seychelles, Mauritius. Ẹ má jẹ́ kí Mauritius àti Mauritania pa pọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ọ̀kan jẹ́ erékùṣù kékeré nínú òkun Índíà, èkejì jẹ́ aṣálẹ̀ rẹpẹtẹ nítòsí Sẹ̀nẹ̀gàl.

Gúúsù jẹ́ mẹ́wàá: Angola, Zambia, Malawi, Mozambique, Zimbabwe, Botswana, Namibia, orílẹ̀-èdè South Africa fúnra ẹ̀, Lesotho, Eswatini. Lesotho ni kẹ́ ẹ ṣọ́, àárín South Africa ló wà, South Africa ló yí i po pátápátá, kò sí ibi tó fi kan orílẹ̀-èdè mìíràn. Eswatini ni tẹ́ ẹ mọ̀ sí Swaziland kó tó di ọdún 2018.

Ó yá, ẹ ro ó pọ̀. Mo ní kọ́mọ yẹn ro ó ní Yorùbá torí mi ò fẹ́ kó gbàgbé bí a ṣe ń ka nǹkan. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ fi méje ti Àríwá kún un, ó di méjìlélógún. Ẹ fi mẹ́sàn-án ti Àárín lé e, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ kó mẹ́rìnlá ti Ìlà-Oòrùn sí i, márùndínláàádọ́ta. Ẹ wá fi mẹ́wàá ti Gúúsù sí i, márùndínlọ́gọ́ta nìyẹn, 55 ti AU gan-an.

Èwo wá ni 54? Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ fi báírò pupa yí po. Spain ló ń ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n fẹ́ kúrò, Mòrókò ní ilẹ̀ òun ni, ẹgbẹ́ Polisario tí í ṣe ti àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ní rárá o, wọ́n sì kéde orílẹ̀-èdè tiwọn ní oṣù Kejì ọdún 1976. Àjọ OAU, tó ṣáájú AU, gbà wọ́n wọlé ní 1982. Inú bí Mòrókò, ó kúrò ní àjọ yẹn ní 1984, ọdún 2017 ló tó padà sí AU. UN ò gba Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà wọlé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, Mòrókò ló sì di èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà mú. Torí náà tẹ́ ẹ bá yọ ẹyọ kan yẹn kúrò nínú 55, 54 ti UN ló kù. Gbogbo ìjà orí nọ́ńbà yẹn ò ju ibì kan yẹn lọ, àmọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀, àwọn kan bí ọmọ bí ọmọ-ọmọ sí kám̀pù nínú aṣálẹ̀ Algeria.

Ẹ kíyè sí i pé UN náà ní bó ṣe pín tiẹ̀, ó kó Sudan sí Àríwá, ó kó Mauritania sí Ìwọ̀-Oòrùn. Tẹ́ ẹ bá mú ti AU, ẹ dì í mú dópin, ẹni tó bá mú díẹ̀ níbí mú díẹ̀ lọ́hùn-ún máa ka ìkan lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ kà, bí ẹ tilẹ̀ rí wọn lórí máàpù. Zanzibar wà lábẹ́ Tanzania láti 1964. Torí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, gbà wọ́n wọlé bíi mẹ́ńbà kíkún ní oṣù Kẹta 2017, kó tó pé oṣù márùn-ún wọ́n ti yọ wọ́n padà, torí lábẹ́ òfin, wọn kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Réunion àti Mayotte, Faransé ló ni wọ́n. Erékùṣù Canary, Ceuta àti Melilla jẹ́ ti Spain, Madeira jẹ́ ti Pọtogí, Saint Helena jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Somaliland kéde òmìnira ní 1991, wọ́n ní owó tiwọn, wọ́n ń dìbò, síbẹ̀ kò sí nínú 54, kò sí nínú 55.

Tó bá jẹ́ máàpù àtijọ́ ló wà nílé yín, ẹ má jù ú nù, ẹ kàn kọ orúkọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́: Dahomey di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, Upper Volta di Burkina Faso ní 1984, Rhodesia di Zimbabwe ní 1980. Àìmọ̀ èyí ló ń jẹ́ kí ọmọ ka Dahomey àti Bẹ̀nẹ̀ ní méjì.

Nǹkan kan wà tí mi ò lè má sọ. Bí a ṣe ń fi ìka tẹ̀ lé ààlà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, mo fi Ìmẹ̀kọ hàn án níhìn-ín, mo fi Kétu hàn án lọ́hùn-ún, mo ní ọmọ ìyá ni wọ́n, ilà tí àwọn òyìnbó fà ló gba àárín wọn kọjá. Mo tún fi Atakpamé hàn án ní Tógò níbi tí àwọn tó ń pe ara wọn ní Ifẹ̀ wà. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ẹnu kan náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ṣé wọ́n máa ń gba páálí kí wọ́n tó lọ kí ara wọn ni.

Ohun tó kọ sílẹ̀ fún tíṣà ẹ̀ nìyí: 54 ló wà ní UN, 55 ló wà ní AU, ó sì kọ déètì ọjọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ní kó fi 53 inú ìwé náà sí i, kó kọ ọ́ pé ṣáájú oṣù Keje 2011 nìyẹn. Láàárọ̀ ó ń ka ti Ìwọ̀-Oòrùn lórí bó ṣe ń wọ bàtà, láti Mile 2 títí dé Katsina, Guinea-Bissau nìkan ló gbàgbé.