PrEP fún ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin sùn: bí a ṣe ń lò ó kó lè ṣiṣẹ́

Oògùn yìí kò ṣòro lò. Hóró kan ni, tenofovir àti emtricitabine ni wọ́n pò pọ̀ sínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó má jẹ́ kí HIV ráyè jókòó sára ẹni tí kò tíì ní in. Ibi tí àwọn èèyàn wa ní London àti Manchester ti máa ń bà á jẹ́ ni ìgbà tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí kílíníìkì ìlera ìbálòpọ̀. Láti 2020 ni NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ti ń fún èèyàn ní PrEP lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri England, kílíníìkì yìí ni wọ́n sì ti ń gbà á. Ẹ má lọ jókòó ti GP, dókítà àdúgbò yín. Ní London, 56 Dean Street ní Soho ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ bá ẹni tó mọ ìṣe àwa adúláwọ̀ sọ̀rọ̀ lè wá NAZ lọ, àjọ tó ń rí sí ìlera ìbálòpọ̀ àwọn adúláwọ̀. Ní ti ìwé ìgbélùú, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú àrùn ìbálòpọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn, títí kan ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé. Láti 2012 ni ìtọ́jú HIV náà ti wọ inú ọ̀fẹ́ yìí.

Nọ́ọ̀sì á bi yín pé irú ẹni wo lẹ̀ ń bá sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má purọ́ fún un. Mo mọ̀ pé ẹni tó ti Nàìjíríà wá, níbi tí òfin ọdún 2014 tó lòdì sí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin ti kó jìnnìjìnnì bá èèyàn, kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jáde lẹ́nu òun níwájú àjèjì. Àmọ́ ẹni tó bá ní obìnrin nìkan lòun ń bá sùn, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n á gbà. Wọn ò ní fún un ní òwú tí wọ́n fi ń nu ọ̀fun àti ihò ìdí, bẹ́ẹ̀ àtọ̀sí lè wà ní ọ̀fun kó má dun èèyàn rárá. PrEP kì í sì í dènà àtọ̀sí tàbí sífílíìsì.

Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ yín láti wo HIV, kíndìnrín àti hepatitis B, ìyẹn àrùn ẹ̀dọ̀ kan. Ìdí tí wọ́n fi ń wo HIV ni pé, bó bá ti wà lára yín tẹ́lẹ̀, oògùn méjì yìí nìkan kò tó láti tọ́jú rẹ̀, kòkòrò náà á sì di alágídí sí wọn. Nítorí náà, ẹ má tọrọ hóró mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ká tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà. Hepatitis B ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Ó pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹlòmíràn sì ti ní in láti kékeré láìmọ̀. Tenofovir máa ń tẹ kòkòrò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá wá ń lò ó lónìí tí ẹ ń pa á tì lọ́la, ó lè dìde lójijì kó sì ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe. Ẹni tó bá ní in, ojoojúmọ́ ni kó máa lo PrEP, kò sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró láìsọ fún dókítà. Ẹni tí kò bá ní in, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ó wá ku bí a ṣe ń gbé e mì. Ọ̀nà méjì ló wà: hóró kan lójoojúmọ́, tàbí èyí tí a ń pè ní méjì-kan-kan, tó wà fún ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin sùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ká ní alẹ́ Sátidé ni. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé hóró méjì mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kéré tán, wákàtí méjì gbọ́dọ̀ kọjá kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 24 lọ. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, hóró kan. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, hóró kan. Aago tí ẹ gbé méjì àkọ́kọ́ mì ni kí ẹ máa kà, ẹ má ka aago tí ẹ dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Mo ti rí onírúurú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ba èyí jẹ́. Ẹnì kan á lo ẹyọ kan dípò méjì, á ní méjì ti le jù fún ara. Méjì yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí oògùn tètè pọ̀ tó nínú ara. Ẹyọ kan kò lè sá tó bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á gbé e mì nínú Uber, nígbà tó ti ń sún mọ́ ilé ẹni tó ń lọ bá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti Mọ́ńdè: iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìgbádùn ti tán, wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó o! Bó bá sì jẹ́ pé ẹ tún bá èèyàn sùn ní alẹ́ Sọ́ńdè, ìṣirò ti sún síwájú nìyẹn: ẹ lo ẹyọ kan lójoojúmọ́ títí ọjọ́ méjì á fi kọjá lẹ́yìn ìgbà tó kẹ́yìn. Nínú àpẹẹrẹ wa, ó di Túsìdeè.

Ẹ fi aláàmù sórí fóònù. Ẹni tó ń bá èèyàn gbé yàrá kan náà lè kọ “fítámì” sí i. Ẹni tó ń jáde ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ kò nílò ìṣirò yìí rárá. Kó máa lo ẹyọ kan lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, torí inú lè máa rìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí fífọ́, paracetamol ni kí ẹ lò. Ibuprofen àti diclofenac léraléra pẹ̀lú tenofovir kò dáa fún kíndìnrín. Ẹni tó bá ń mu àgbo, kó sọ fún nọ́ọ̀sì.

Àwọn kílíníìkì tún máa ń fúnni ní kọ́ńdọ̀mù àti jẹ́ẹ̀lì olómi. Ẹ kó o dáadáa. Òrí, àdín àti Vaseline tí ẹlòmíràn fi ń rọ́pò jẹ́ẹ̀lì máa ń jẹ rọ́bà kọ́ńdọ̀mù, á sì bẹ́.

Bí ẹ kò bá rántí lo méjì àkọ́kọ́, tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀, PEP ló kù, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ láti dènà HIV. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, ó sì dáa jù láàárín 24. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Bó bá jẹ́ òru Sọ́ńdè tí kílíníìkì ti tì, A&E (ẹ̀ka pàjáwìrì ní ọsibítù) ni kí ẹ gbà lọ; ẹ má dúró de Mọ́ńdè. Bí ẹ bá dé iwájú ẹni tó ń kọ orúkọ, ẹ kàn ní “PEP”, yóò yé e.