Bí Ẹ Ṣe Máa Lọ Bá Ọkọ Tàbí Ìyàwó Yín ní UK, Kí Ẹ sì Ríṣẹ́ Ṣe Níbẹ̀

Ìyàwó mi ló fà mí wá sílùú ọba, mi ò fi bò. Òun ti di ọmọ ìlú ọ̀hún kí a tó fẹ́ra, èmi wà n'Ìbàdàn, a ṣe ìgbéyàwó tán ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, ó wá ku èmi àti ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ló ń gbé mi níyàwó, mo ní ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Àtìgbà tí mo ti débí ni wọ́n ti ń pè mí lórí WhatsApp, àwọn tó rẹ́rìn-ín gan-an wà níbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni: báwo lo ṣe ṣe é, ṣé ìwé iṣẹ́ lọ́tọ̀ ni, ṣé àjẹ́ntì lo lò. Mo ti ṣàlàyé ẹ̀ títí, ó ti sú mi, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwé àṣẹ iṣẹ́ kankan tí ẹ máa lọ gbà lọ́tọ̀. Fisa ọkọ tàbí ìyàwó yẹn gan-an ni àṣẹ iṣẹ́. Bí fisa yín bá ti bẹ̀rẹ̀ tí ẹ sì ti wọ̀lú, ẹ lè ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó bá wù yín, ẹ lè dá òwò tiyín sílẹ̀, ẹ lè ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀, ọ̀gá tó fẹ́ gbà yín ò nílò láísẹ́ńsì kankan bíi tàwọn tó gba fisa iṣẹ́ wá. Torí náà ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó kí òun bá yín ṣe work permit mọ́ fisa ọkọ yín, olè ni, ẹ sá fún un.

Èyí tí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ ni fisa àfẹ́sọ́nà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń fún yín, ẹ máa ṣègbéyàwó níbẹ̀, ẹ máa tún san owó fọ́ọ̀mù míì kí wọ́n tó fún yín ní tọkọtaya, títí ìyẹn á fi jáde ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́. Ẹ fojú inú wò ó, kí èèyàn jókòó sílé oṣù mẹ́fà nínú òtútù, kó máa retí kí ìyàwó ti ibi iṣẹ́ dé. Bẹ́ ẹ bá lè ṣègbéyàwó nílé kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ṣe é. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé kẹ́ ẹ gba fisa àbẹ̀wò wọlé kẹ́ ẹ wá yí i padà tẹ́ ẹ bá débẹ̀, òfin ò gbà á.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ bi ẹni tó ń fà yín léèrè pé irú ìwé wo gan-an ló ní lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí máa ń dájà sílẹ̀ (kí ló dé, ṣé o ò fọkàn tán mi ni), àmọ́ ẹ bi í. Ohun tí mò ń kọ síbí yìí, ti ẹni tí ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú Britain ni, tàbí tó ti ní ìwé ìgbélùú tí kì í parí, indefinite leave. Bó bá jẹ́ fisa iṣẹ́ ló ń lò, dependant (ẹni tó tẹ̀ lé oníṣẹ́ wá) lẹ sábà máa bá lọ, kì í ṣe gbogbo fisa iṣẹ́ ló gbà á, ìyẹn náà gbà yín láyè àtiṣiṣẹ́ àmọ́ fọ́ọ̀mù ẹ̀ àti òfin owó ẹ̀ yàtọ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló bá wá, àwọn care worker, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀nà yẹn láti 11 March 2024 ò lè mú ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́. Àwọn tó ń kàwé masters tí kì í ṣe ti ìwádìí náà, láti January 2024 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn tiwọn.

Ó wá kan owó, ibẹ̀ gan-an ni fọ́ọ̀mù ti ń kú. Ẹni tó wà ní UK gbọ́dọ̀ máa gba £29,000 lọ́dún ó kéré tán, kí wọ́n tó yọ tax. £18,600 ni tẹ́lẹ̀, 11 April 2024 ni wọ́n gbé e sókè, torí ẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n yín kan bá ní 18,600 lòun fi mú ìyàwó òun wá, kò parọ́, ìgbà tiẹ̀ ló yàtọ̀. Èyí tó sì máa ń dun àwọn èèyàn wa jù ni pé owó oṣù tiyín ní Nàìjíríà ò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Ẹ lè jẹ́ máníjà bánkì ní Marina kẹ́ ẹ máa gun jíìpù, kò kàn wọ́n, owó oṣù ẹni tó ń fà yín ni wọ́n ń wò. Bó bá ń ṣe iṣẹ́ méjì, wọ́n á ka méjèèjì pọ̀, bí ìyàwó mi ṣe ṣe nìyẹn.

Bó bá ti tó oṣù mẹ́fà tó ti wà níbi iṣẹ́ kan náà, ohun tí wọ́n máa béèrè ni pésílíìpù oṣù mẹ́fà, sítétímẹ́ǹtì bánkì oṣù mẹ́fà kan náà, àti lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ tó sọ ipò ẹ̀, owó ẹ̀, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Iye tó wà lórí pésílíìpù gbọ́dọ̀ bá iye tó wọ bánkì mu, kọ́bọ̀ sí kọ́bọ̀. Àárín oṣù kan ni ìyàwó mi yí bánkì padà láìsọ fún mi, owó oṣù yẹn wọ àkáǹtì tuntun, mo wá wo ìwé tó kó ránṣẹ́, oṣù márùn-ún ló bá ara mu, oṣù kan pòórá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo fi bírò kà á lọ́kọ̀ọ̀kan ká tó fi sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ fi bírò kà á. Bí iṣẹ́ ẹ̀ ò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, owó tó gbà nínú oṣù méjìlá tó kọjá ni wọ́n máa tún wò mọ́ ọn. Bó bá ń dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, ìwé tax ọdún tó parí kẹ́yìn. Ẹni tí ò rí owó iṣẹ́ kó jọ lè lo owó ìpamọ́, àmọ́ £88,500 ni, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà ní bánkì fún oṣù mẹ́fà, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ yá lọ́wọ́ àbúrò bàbá yín lánàá. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń gba owó ìrànwọ́ bíi PIP (ti aláìlera) tàbí Carer's Allowance (ti ẹni tó ń tọ́jú aláìlera), £29,000 yẹn ò kàn án, wọ́n kàn máa wò ó bóyá ohun tó kù lẹ́yìn owó ilé tó ẹ̀yin méjèèjì í jẹ ni.

Ìgbéyàwó ńkọ́? Àwa Yorùbá, ẹ̀ẹ̀mẹta là ń ṣe é: ti ìdílé pẹ̀lú alága ìdúró àti alága ìjókòó, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí yìgì, ti kóòtù. Ti kóòtù ni kẹ́ ẹ gbé fún wọn. Kì í ṣe pé wọn ò mọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ o, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa fi ẹ̀rí hàn pé ó bófin ìlú mu, ìwé ìbúra, lẹ́tà àwọn òbí, wàhálà tí ò nídìí. Ìwé registry kan ti parí gbogbo ẹ̀, yálà ti ìjọba ìbílẹ̀ yín tàbí ti Ìkòyí. Ẹni tó bá ti ṣègbéyàwó kan rí tí wọ́n sì ti kọra, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ láti kóòtù gbọ́dọ̀ wà, kò sọ́nà kan tẹ́ ẹ lè gbà yẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ti fojú kojú rí. Mo mọ̀ pé nílé wa wọ́n lè gbé fọ́tò ọkọ sórí àga kí wọ́n gbé ìyàwó lé e lọ́wọ́, kí gbogbo èèyàn jó. Ijó yẹn dùn, àmọ́ kò ṣe é gbé síwájú wọn.

Fún ẹ̀rí pé ìfẹ́ yín kì í ṣe ti fisa, ẹ mú fọ́tò oríṣiríṣi àkókò, tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà tó wá wò yín, owó tẹ́ ẹ fi ń ránṣẹ́ síra, chat díẹ̀ láti oṣù kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ ni mo wí. Ẹ má kó gbogbo ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta jáde, kò sẹ́ni tó fẹ́ ka ibi tẹ́ ẹ ti ń jà lórí owó aṣọ ẹbí.

Ibi tí èmi ti kó sí gọ̀ngọ̀ ni orúkọ. Lórí páásípọ́ọ̀tù mi orúkọ mi gùn, Olúwa wà níwájú ẹ̀, lórí ìwé ìgbéyàwó akọ̀wé kọ ìgékúrú, èmi náà sì fọwọ́ sí i torí ebi ń pa mí lọ́jọ́ yẹn. Àtúnṣe yẹn gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń lọ mo ń bọ̀, wọ́n ń ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i ò sí nítòsí. Ẹ tẹ́ páásípọ́ọ̀tù, NIN, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ẹ̀rí yín sórí tábìlì kan náà, ẹ wò ó lẹ́tà sí lẹ́tà. Ìyàwó tó ti gba orúkọ ọkọ nínú kan tí kò sì tíì gbà á nínú èkejì, ẹ tètè tún un ṣe. Àmọ́ ẹ má lọ ra ìwé ayédèrú láti fi dí àlàfo, bí wọ́n bá mú un, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lè fi lé yín sẹ́yìn.

Gẹ̀ẹ́sì: Nàìjíríà ò sí lára ìlú tí wọ́n yọ kúrò, inú bí mi àmọ́ kí la fẹ́ ṣe. Ẹni tó bá ní dìgírì lè gba ti Ecctis, àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò fún UK, kí wọ́n jẹ́rìí pé dìgírì náà tó ti UK àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹni tí ò ní, ìdánwò A1, ìpele tó kéré jù, gbígbọ́ àti sísọ nìkan, kò le, ẹ ṣáà lọ ṣe é níbi tí ìjọba wọn fọwọ́ sí. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀dọ̀ IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ àwọn arìnrìn-àjò, ni, Èkó tàbí Àbújá, oṣù mẹ́fà ni ìwé ẹ̀ ń lò, ẹ má tètè lọ ṣe é jù. Ilé tẹ́ ẹ máa gbé, àdéhùn rẹ́ǹtì tàbí lẹ́tà onílé, kó má ṣáà jẹ́ èèyàn mẹ́jọ nínú yàrá kan.

Fọ́ọ̀mù ọ̀hún, £1,938 ni wọ́n gbé e dé ní April 2025. Wọ́n tún ń gba owó ìlera, £1,035 lọ́dún, fisa náà jẹ́ oṣù 33 wọ́n á kà á sí ọdún mẹ́ta, ìyẹn £3,105. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí náírà kẹ́ ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ka, ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n sọ pé ó ń gbà. Nínú ọ̀sẹ̀ 12 yẹn, ẹ má fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ má ta mọ́tò, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì má ṣe party ìdágbére o.

Ohun kan tí ò sẹ́ni tó sọ fún mi: kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ gba ìwé ìwà rere lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ní Alágbọn n'Ìkòyí tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Fisa ò béèrè ẹ̀, iṣẹ́ ló máa béèrè ẹ̀. Iṣẹ́ sẹ́kúríítì, wọn ò ní fún yín ní báàjì SIA, láísẹ́ńsì àwọn sẹ́kúríítì, láìsí i torí nínú ọdún márùn-ún sẹ́yìn ilé lẹ wà. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó náà, wọ́n sábà máa ń ní kẹ́ ẹ mú un wá. Èmi dé ibí tán kí n tó mọ̀, àbúrò mi ló ń bá mi sáré ẹ̀ l'Ékòó, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ torí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá dé, ọ̀gá iṣẹ́ ò fẹ́ wo páásípọ́ọ̀tù yín, káàdì BRP, káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, náà ti kú láti ìparí 2024. eVisa, fisa orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni. Ẹ wọ àkáǹtì UKVI yín (àwọn tó ń fúnni ní fisa UK), ẹ gba share code ti iṣẹ́, W ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 90 ló ń lò, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè gba òmíràn nígbàkigbà. Ẹ fún un pẹ̀lú ọjọ́ ìbí yín, òun náà á wò ó, ó parí. National Insurance number, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ tax yín, ẹ béèrè fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó dé. Bí wọ́n bá yọ tax tó pọ̀ lóṣù àkọ́kọ́ ẹ má sunkún, bí wọ́n bá tún kóòdù tax yín ṣe wọ́n á dá a padà. Láísẹ́ńsì ọkọ̀ Nàìjíríà, oṣù 12 péré lẹ lè fi wà á. Owó ìrànwọ́ ìjọba, Universal Credit àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, kì í ṣe tiyín, ẹ má fọwọ́ kàn án, àmọ́ dókítà, ẹ ti sanwó ẹ̀, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀.

Kí oṣù 33 yẹn tó pé, ẹ máa tún un gbà, extension ni wọ́n ń pè é, oṣù 30 míì, Gẹ̀ẹ́sì A2, ìpele tó tẹ̀ lé A1, lọ́tẹ̀ yìí. Bẹ́ ẹ bá fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ kó tó parí, àṣẹ iṣẹ́ yín ń bá a lọ títí èsì á fi dé. Lásìkò yẹn wọ́n á ka owó tiyín náà mọ́ ti ẹni tó fà yín, ìyẹn ni pé pésílíìpù tiyín náà ti di ìwé. Pésílíìpù mi àkọ́kọ́, £400 àti díẹ̀, mo fẹ́ fi wé pọ́ńmọ́ nítòsí síǹkì, ìyàwó mi já a gbà lọ́wọ́ mi, ó fi sínú fáìlì aláwọ̀ ewé kan, ó ní, "Bàbá, ti extension nìyí o."