Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń yẹ nọ́mbà ńlá wò

Ẹ bi àwọn ọmọ tó ń múra WAEC sílẹ̀ ní Tákíé, níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, bóyá práìmù ni 10,001, ìyẹn nọ́mbà tó ju 1 lọ tí nǹkan kan kò lè pín gérégé àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn á fi 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 gbìyànjú láti pín in. Bí kò bá ti gbà, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé práìmù ni. Bẹ́ẹ̀, 73 lọ́nà 137 ló jẹ́ 10,001.

Ẹ má ṣe dáwọ́ dúró torí pé ó ti sú yín. Ibi tó yẹ ká dúró sí wà. 101 lọ́nà 101 jẹ́ 10,201, ó ti kọjá 10,001. Nítorí náà, bí nọ́mbà méjì bá wà tí ọ̀kan lọ́nà èkejì jẹ́ 10,001, ọ̀kan nínú méjèèjì kò lè ju 100 lọ. Gbogbo práìmù tó wà lábẹ́ 100 la gbọ́dọ̀ dán wò, 25 péré sì ni wọ́n. 73 ni ìkọkànlélógún nínú wọn. Ẹni tó dúró sí 13 kò tíì dé ìdajì ọ̀nà.

Kì í ṣe ọmọ iléèwé nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Pierre de Fermat, àgbà onímọ̀ ìṣírò ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbà pé práìmù ni 4,294,967,297. Ọdún 1732 ni Leonhard Euler fi hàn pé 641 pín in, ó sì wọ inú rẹ̀ nígbà 6,700,417.

Ẹ má sì wo fígọ̀ tó kẹ́yìn kí ẹ ní 3 pín nọ́mbà torí pé 3 ló fi parí. Ẹ ro gbogbo fígọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ti 10,003 jẹ́ 4; 3 kò pín 4, nítorí náà kò lè pín 10,003. 7 ló pín in. Ẹ má ka 1 mọ́ práìmù rárá.

Èyí tó ń ká mi lára jù nìyí: "4 pín in, 6 náà pín in, nítorí náà 24 pín in." Ẹ wo 60,060. 4 pín in, 6 pín in, ṣùgbọ́n 24 kò pín in. 2 wà nínú 4, ó tún wà nínú 6, ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. 12 nìkan ló dájú. Ẹni tó bá ń wá 24, kó dán 3 àti 8 wò, torí àwọn yẹn kò ní nǹkan kan pọ̀ ju 1 lọ.

Ó ku kàkùlétọ̀. Ẹ fi 7 pín 123,456,789,123 lórí èyí tó ń gbé fígọ̀ mẹ́wàá jáde, ẹ ó rí 1.763668416×10¹⁰. Ọmọ á ní ó pín gérégé, pé 17,636,684,160 ni. Àyè ló tán lójú ẹ̀rọ, ó sì gé ìyókù dànù. Ẹ fi 7 sọ èsì yẹn di púpọ̀, 123,456,789,120 ni yóò jáde, ó ku 3.