Kọ́kọ́rọ́ Jẹnẹrétọ̀ Wà ní Òdìkejì Odò

Dominica ni mo ti ṣiṣẹ́ yìí: yíyẹ ilé ìwòsàn kékeré kan wò kí àsìkò ìjì tó dé. Kì í ṣe Dominican Republic tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì o. Dominica tèmi jẹ́ erékùṣù kan ní òkun Caribbean, láàárín Guadeloupe àti Martinique, èèyàn ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 70,000 lọ. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi débẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé "kí Maria tó dé" àti "lẹ́yìn Maria" ni wọ́n fi ń ka ọdún.

Alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2017 ni ìjì Maria já lu erékùṣù náà ní ipele karùn-ún, èyí tó ga jù. Òrùlé ló ṣí lọ rẹpẹtẹ, títí kan ti olórí ìjọba, Roosevelt Skerrit, tó fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sórí Facebook lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ṣírò ohun tó bàjẹ́, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń pa wọlé lọ́dún kan.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ni àsìkò ìjì ń bẹ̀rẹ̀, ó di ìparí oṣù Kọkànlá. Nínú oṣù Karùn-ún, ọ̀gá wa gbé fọ́ọ̀mù kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n yẹ ilé ìwòsàn kékeré wa wò. Irú èyí tí PAHO, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé (WHO) fún àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ni: ó ń béèrè ewu tó yí ilé ká, bí ògiri àti òrùlé ṣe lágbára sí, iná, omi, oògùn, àti ètò tí òṣìṣẹ́ ní nílẹ̀. A, B tàbí C ni máàkì. Ọjọ́ méjì ni mo pè é. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà mí.

Jẹnẹrétọ̀ ló fà á. Àwọn tó yẹ ilé náà wò ṣáájú mi ti kọ "ó wà" síwájú rẹ̀. Òótọ́ ni, ó wà. Mo ní kí a tàn án. Kọ́kọ́rọ́ dà? Ó wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ. Ọlọ́dẹ ńkọ́? Ó ń gbé ní òdìkejì odò, afárá odò náà sì rèé, Maria ti wó o, fìdíhẹ ni wọ́n ṣe síbẹ̀. Ìyẹn ni pé bí òjò bá le, ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ wa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́hùn-ún.

Ọlọ́dẹ gbé e wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rọ náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo pàtẹ́wọ́. A so firíìjì mọ́ ọn, ó gbé e. A so ìkòkò iná tí a fi ń se irinṣẹ́ mọ́ ọn, ó tu èéfín dúdú bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè, ó sì kú fin-ín. Mẹkáníìkì ní epo dísẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ti pẹ́ jù, omi ti wọ̀ ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin lọ síbẹ̀. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, òkùnkùn kì í bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n insulin ò mọ̀yẹn: firíìjì ló ń gbé, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Nínú yàrá oògùn, mo bá páálí ọrẹ tó dé lẹ́yìn ìjì. Èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè kà ló wà lára òmíràn, ọjọ́ tí òmíràn yóò bàjẹ́ sì ti kọjá. WHO ti sọ ọ́ tipẹ́ pé oògùn ọrẹ gbọ́dọ̀ ṣì ní ọdún kan nílẹ̀ nígbà tó bá dé, kí olùtọ́jú sì lè ka ara rẹ̀. Mo kó wọn sọ́tọ̀, mo tẹ̀ síwájú.

Orúkọ àwọn aláìsàn ló kù. Mo ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí màmá nọ́ọ̀sì kan, tó ti pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo wa lọ, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, nígbà Maria, kọ̀ǹpútà sùn ju èmi lọ." Fóònù kú, òkè ya dí ọ̀nà, abúlé kọ̀ọ̀kan di erékùṣù tirẹ̀, àwọn tó ń fi rédíò tara wọn sọ̀rọ̀ lójú òfuurufú ló ń bá wọn gbé ìròyìn jáde.

A padà sí bébà. Ta ló ń gba insulin? Ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Aboyún wo ni oṣù rẹ̀ ti pé, tó yẹ kó ti wà ní Roseau, olú ìlú, kí ìjì tó dé? Ta ni kò lè rìn? Màmá mọ ilé kọ̀ọ̀kan, ó mọ ẹni tó máa ń sọ pé òun lo oògùn tí kò sì lò ó. Ẹ̀dà mẹ́ta la kọ, a fi nylon méjì wé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, oòrùn ràn ganrínganrín. Kọ́kọ́rọ́ kejì ti wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ firíìjì. Màmá tún ẹ̀dà tirẹ̀ tú, ó sì ti fa ìlà sí orúkọ méjì: ọ̀kan ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Guadeloupe, èkejì ti bímọ.