Renault 5 GT Turbo tó ń kọ̀ láti sítáàtì tó bá ti gbóná

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Renault 5 GT Turbo mi, ti ọdún 1988, wéré ló ń sítáàtì láàárọ̀, àmọ́ tí mo bá sá a dáadáa tí mo wá pa á fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ní gbọ́ mọ́, á kàn máa yí lásán, òórùn epo á gba gbogbo inú mọ́tò. Mẹkáníìkì ní ká yọ kabúrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn) dànù ká fi injection (èyí tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìn) sí i. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì yọ nǹkan kan o, jọ̀ọ́. Ooru ló ń jẹ kabúrétọ̀ yẹn níyà. Ẹ̀gbẹ́ kan náà lòun àti tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí, tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìn) pẹ̀lú páìpù èéfín wà, tí mọ́tò bá ń sá, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, epo tútù náà ń wọlé, àmọ́ bó o ṣe pa á báyìí ooru tọ́bò á rọ́ sókè, epo inú kabúrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí hó bí omi orí iná, á máa kán sínú ẹ́ńjìn, òórùn ẹ̀ lò ń gbọ́ yẹn.

Àwọn tó ṣe mọ́tò náà mọ̀, wọ́n fi fáànù kékeré kan síbẹ̀ tó ń fẹ́ kabúrétọ̀ tó o bá ti pa mọ́tò. Sá a kó gbóná, pa á, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tẹ́tí. Tó ò bá gbọ́ ohùn ẹ̀, fa wáyà láti bátìrì lọ sára ẹ̀ tààrà: tó bá yí, síwíìsì tàbí wáyà ló kú, tí ò bá yí, fáànù fúnra ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti yọ ọ́ sọnù torí wọn ò mọ iṣẹ́ ẹ̀, ó ń dùn mí gan-an. Tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, tẹ tọ́rótù délẹ̀, má gbẹ́sẹ̀ kúrò, kó o wá sítáàtì, atẹ́gùn á gbá epo tó pọ̀jù jáde.

Ìbéèrè: Èéfín búlúù ńkọ́? Ti ọ̀rẹ́ mi, 1986, ń yọ ọ́.

Ìdáhùn: Ọ́ìlì tó ń jó ló ń yọ búlúù yẹn. Ọ́ìlì nìkan ló ń tu tọ́bò tiyẹn lójú, 1987 ni wọ́n tó jẹ́ kí omi náà máa tu tọ́bò lójú. Tó bá sá eré tó sì pa á lẹ́ẹ̀kan náà, ọ́ìlì á jó di èédú nínú tọ́bò. Kó jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kó tó pa á. Kó kọ́kọ́ yẹ páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà wò, tó bá dí, ibẹ̀ ni èéfín ti ń wá, kò tíì di ọ̀rọ̀ ká ra tọ́bò.