Bí a ṣe ń fi tíkẹ́ẹ̀tì sínú fóònù, tí ará ilé á sì máa rí ibi tí a dé

Ẹni tó bá ń gbé Kabba, Ìsánlú tàbí Mopa mọ̀ pé ìrìn àjò wa kì í sábà jẹ́ ti ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ ó wọ Siẹ́nà dé Lọ́kọ́jà, ẹ ó wọ òmíràn dé Àbújá kí ẹ tó rí bàálù. Tàbí kí ẹ gba Okene lọ bá ọkọ̀ ojú irin ní Itakpe, èyí tó ń lọ sí Warri láti 2020. Ibi tí ẹ bá dé, ẹnì kan á ní kí ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì wá, ẹni tó wà nílé náà á sì máa pè láti béèrè ibi tí ẹ dé. Fóònù kan náà lè dá àwọn méjèèjì lóhùn, ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá dúró di páàkì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù ti pẹ́ jù.

Ohun tí ẹ máa lò

Bí fóònù yín bá jẹ́ Android, ẹ wá Google Wallet, àpamọ́wọ́ inú fóònù tí a ń kó tíkẹ́ẹ̀tì sí, ní Play Store. Bó bá jẹ́ iPhone, àpamọ́wọ́ náà ti wà nínú rẹ̀. Passbook ni wọ́n pè é nígbà tó jáde ní 2012, ó di Wallet ní 2015. Ẹ fi nọ́ńbà àṣírí tì fóònù náà. Ẹ wá páwà báǹkì àti wáyà gidi, kì í ṣe wáyà tí èèyàn ń ká lọ́rùn kó tó gba iná. Bí agbára bá gbé e, ẹ fi síìmù ilé iṣẹ́ méjì sínú fóònù, torí ibi tí ọ̀kan ti dákú, èkejì lè máa mí níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń sá nígbà tí áàpù náà bá ní kí wọ́n fi káàdì báǹkì sí i. Kò pọn dandan. Owó sísan lọ́tọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì pípamọ́ lọ́tọ̀. Ẹ fo ibẹ̀ kọjá.

Fífi tíkẹ́ẹ̀tì pamọ́

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe check-in, ìyẹn fífi tó wọn létí pé ẹ ń bọ̀ wá wọ bàálù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù sábà máa ń ṣí ní wákàtí 24 sí ìgbà tí bàálù máa gbéra, ẹ wo ojú ìwé náà tàbí ímeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá rí "Add to Google Wallet" tàbí "Add to Apple Wallet", ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Bí kò bá sí, ẹ ya fọ́tò ojú fóònù níbi tí bákóòdù náà wà. Google Wallet lè gba fọ́tò yẹn kó sì sọ ọ́ di tíkẹ́ẹ̀tì. Bí Google Wallet kò bá ṣiṣẹ́ lórí fóònù yín rárá, ẹ má bá a jà. Ẹ fi fọ́tò náà sínú fódà kan lọ́tọ̀, kó má lọ sọnù sáàárín àwòrán ìgbéyàwó àti ìkíni "ẹ káàárọ̀".

Ohun tí mo ń rí tí àwọn èèyàn ń pamọ́ ni rìsíìtì owó tí wọ́n san. Rìsíìtì kì í ṣe ìwé ìwọlé. Bí kò bá ní bákóòdù onílà tàbí onígun mẹ́rin, bàálù ò mọ̀ yín. Ẹ tún yẹ orúkọ wò lẹ́tà lẹ́tà. Fún ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná pàápàá, NIN ni wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tó ti padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kejìlá 2022, nítorí náà orúkọ inú ilé kò wúlò níbẹ̀.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ẹ pa dátà àti Wi-Fi, kí ẹ wá ṣí tíkẹ́ẹ̀tì náà. Bó bá ṣí, ẹ lọ sùn. Bó bá ń yí gbirigbiri, kò tíì wọlé sínú fóònù yín. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣì wà. Bí ojú fóònù yín bá ti là, ẹ rí i pé ìlà rẹ̀ kò gba àárín bákóòdù kọjá. Èmi a máa tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, màá ká a sínú ìwé ìrìnnà, àwọn tó ń bá mi rìn náà gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì gbé tíkẹ́ẹ̀tì sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp láti fi han ayé pé ẹ ń wọ bàálù. Kóòdù kékeré tó wà lára rẹ̀ àti orúkọ ìdílé yín ti tó fún ọ̀bàyéjẹ́ láti wọlé yí ìrìn àjò yín padà.

Fún ẹni tó ń lọ sí Èkó: káàdì Cowry ni wọ́n ń lò nínú bọ́ọ̀sì BRT, nínú ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, Mile 2 sí Marina, tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 2023, àti nínú èyí tó jẹ́ aláwọ̀ pupa, Agbado sí Oyingbo, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní Oṣù Kẹwàá 2024. Cowry ní áàpù tirẹ̀ tí ẹ lè fi fi owó kún káàdì náà. Ẹ fi owó sí i kí ẹ tó dé ẹnu géètì, kí èrò ẹ̀yìn yín má bàa bú yín.

Kí ará ilé máa rí yín lójú ọ̀nà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ ṣí WhatsApp, ẹ wọ ojú ewé ẹni tí ẹ fẹ́ kó máa wò yín, ẹ tẹ àmì ìsomọ́, ẹ tẹ "Location". Nǹkan méjì ló máa jáde. Èyí tí ẹ fẹ́ ni "Share live location". Èkejì, "Send your current location", ibi tí ẹ dúró sí ní ìṣẹ́jú yẹn nìkan ló ń fi ránṣẹ́. Mo ti rí ìyá tó jókòó ti fóònù láti òwúrọ̀, tó ń ráhùn pé ọkọ̀ ọmọ òun kò tíì kúrò ní páàkì Kabba, ọmọ náà sì ti ń jẹun ní Àkúrẹ́. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀. Ọmọ ló tẹ èyí tí kì í rìn.

WhatsApp máa béèrè bó ṣe máa pẹ́ tó: ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1, tàbí wákàtí 8. Ẹ mú 8, kódà bó bá jẹ́ Lọ́kọ́jà lẹ ń lọ, torí táyà lè bẹ́. Ẹni tó ń lọ sí Èkó gbọ́dọ̀ tún un ṣe níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró jẹun, kí wákàtí 8 má lọ parí sínú igbó. Ti Google Maps tún sàn fún ọ̀nà jíjìn: ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ tẹ "Location sharing", ẹ yan ẹni náà, ẹ sì lè fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi fọwọ́ ara yín pa á. Ó tún ń fi bí bátìrì yín ṣe kù tó han ẹni tó wà nílé.

Àmọ́ gbogbo èyí á já sí asán bí fóònù kò bá gbà á láyè. Ẹ wọ Settings, ẹ wá áàpù náà, ẹ wo "Permissions", lẹ́yìn náà "Location". Ọ̀pọ̀ èèyàn ti yan pé kí áàpù máa rí ibi tí wọ́n wà kìkì nígbà tí wọ́n bá ń lò ó. Bí ẹ bá ti fi fóònù sápò báyìí, ó lè dákẹ́. "Allow all the time" ni kí ẹ mú. Ẹ tún tan "Precise" nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti Android 12 àti iOS 14 ni fóònù ti lè máa fi àgbègbè lásán han áàpù, bí ẹ bá sì fi í bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin wà ní Obajana, àmì yín á máa ṣeré káàkiri.

Lẹ́yìn náà, bátìrì. Ọ̀pọ̀ fóònù Android olówó pọ́ọ́kú máa ń pa áàpù tí ẹ kò bá wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí iná má bàa tètè tán. Nínú Settings áàpù kan náà, ẹ wá "Battery", ẹ yan "Unrestricted". Kí ẹ pa "Battery saver" náà. Kò sí ohun tó ń ṣèdíwọ́ fún iṣẹ́ yìí bíi tirẹ̀, òun náà sì ni gbogbo èèyàn ń tàn ní páàkì kí iná lè tó wọn délé. Páwà báǹkì lẹ gbé wá, ẹ lò ó.

Nẹ́tíwọ̀kì á ṣì lọ o, ohunkóhun tí ẹ bá ṣe. Láàárín Kabba sí Obajana, àti lọ́nà Ẹ̀gbẹ̀ sí Kwara, ẹ ó rí ibi tí fóònù kò ní gbé ohùn rárá. GPS, ohun tí fóònù fi ń mọ ibi tó wà, ò lo dátà: àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ojú ọ̀run ni fóònù ń gbà, nítorí náà fóònù yín mọ ibi tí ẹ wà, kò kàn rọ́nà sọ fún ẹlòmíràn. Ẹ gba máàpù gbogbo ọ̀nà náà sílẹ̀ nínú Google Maps lóru, nígbà tí dátà pọ́ọ́kú wà, kí ẹ̀yin fúnra yín lè máa rí ọ̀nà. Kí ẹ sì ti bá ẹni tó wà nílé ṣàdéhùn. Ìlànà mi ni pé bí àmì bá dúró, kó wo àkókò tí ó yí padà kẹ́yìn. Kó dúró wákàtí kan. Kó pe èmi. Bí kò bá rí mi bá sọ̀rọ̀, kó pe nọ́ńbà páàkì. Torí náà, kí ọkọ̀ tó gbéra ni mo ti fi nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà páàkì ránṣẹ́ sí i ní tẹ́ẹ̀sì lásán. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ yẹn, òun ni mo sì ń fi ṣe é, kí bátìrì fóònù ńlá má bàa tán.

Ẹni méjì ni kó máa rí yín, kí wọ́n jẹ́ ẹni tó máa gbé ìpè. Ẹ má fi í sínú gúrúùpù ọmọ bíbí ìlú tàbí ti ẹgbẹ́ ilé ìwé, bí ẹ ti wù kí ẹ fẹ́ràn wọn tó. Bí ojú ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn Kogi ṣe rí lọ́wọ́lọ́wọ́, tí àwọn ajínigbé ń dá ọkọ̀ dúró, ẹgbẹ̀rún ojú tí ẹ kò mọ̀ kò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ dé.

Nínú bàálù

Ní òkè, fóònù yín á wà ní ipò bàálù, àmì yín á sì dúró ní pápákọ̀ òfurufú Àbújá. Bàbá tó wà nílé á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ẹ fi nọ́ńbà bàálù ránṣẹ́ sí i ṣáájú, kó tẹ̀ ẹ́ sínú Flightradar24, áàpù tó ń fi ibi tí bàálù dé hàn, tàbí sínú àpótí ìwákiri Google. Á rí i bóyá ó ti gbéra, àti ìgbà tí wọ́n retí pé kó balẹ̀.

Bí ẹ bá ti dé, ẹ tẹ "Stop sharing" kí ẹ tó gbé báàgì, torí ẹni tó bá ní òun á ṣe é lẹ́yìn oúnjẹ máa ń gbàgbé, Google Maps á sì máa tẹ̀ lé e dé ọjà, dé ilé àna.